Ohun tó ń mú kí òòfà fẹ́ráìtì kan lágbára ju òmíràn lọ

Òòfà dúdú tó máa ń wà lẹ́yìn spíkà àti nínú àwọn mọ́tò kéékèèké inú ọkọ̀, fẹ́ráìtì ni púpọ̀ nínú wọn. Ohun tí wọ́n fi ń ṣe é ò wọ́n rárá, iron oxide ni, ìyẹn irú nǹkan tí irin máa ń dà tó bá dógùn-ún, wọ́n á wá po strontium carbonate tàbí barium carbonate mọ́ ọn. Àmọ́ iléeṣẹ́ méjì lè ra páúdà kan náà gẹ́lẹ́ kí agbára òòfà ti ọ̀kan tó ìlọ́po méjì ti èkejì, torí ọwọ́ tí wọ́n fi ṣe é ló yàtọ̀.

Nǹkan méjì ni wọ́n máa ń wò lára òòfà. Èkíní ni agbára tó ṣẹ́kù sí i lára lẹ́yìn tí wọ́n bá ti sọ ọ́ di òòfà tán, òun làwọn ẹnjiníà ń pè ní remanence. Èkejì ni agídí ẹ̀, coercivity, ìyẹn bó ṣe máa ń kọ̀ jálẹ̀ tí òòfà míì bá fẹ́ yí i lójú padà. Wàhálà ibẹ̀ ni pé ohun tó ń gbé ọ̀kan sókè sábà máa ń fa èkejì wálẹ̀, kò sì sí ìpele kankan nínú iṣẹ́ yìí tí ìjà yẹn ò ti ní yọjú.

Wọ́n á kọ́kọ́ sun páúdà yẹn ní nǹkan bíi 1100 sí 1300 dígírì Celsius. Carbonate á tú gáàsì carbon dioxide dànù, èyí tó kù á wọnú iron oxide, á di fẹ́ráìtì gan-an, tí wọ́n ń kọ ní SrFe₁₂O₁₉ tó bá jẹ́ strontium ni wọ́n pò mọ́ ọn. Tí iná ò bá tó, iron oxide tí ò yí padà á ṣẹ́kù síbẹ̀, kò sì wúlò fún òòfà, ààyè lásán ló ń gbà. Tí iná bá pọ̀ jù náà, hóró ẹ̀ á tóbi, á le, ìyà ẹ̀ á wá jẹ ẹni tó fẹ́ lọ̀ ọ́.

Ìlọ̀ yẹn gan-an ló kàn, ó sì gba sùúrù. Wọ́n máa ń lọ̀ ọ́ pẹ̀lú omi títí hóró kọ̀ọ̀kan á fi kúnná tó nǹkan bíi máíkírọ́ọ̀nù 1, ìyẹn ìdá kan nínú ẹgbẹ̀rún mìlímítà. Kí ló dé tó fi gbọ́dọ̀ kéré tó bẹ́ẹ̀? Hóró tó bá tóbi máa ń pín ara ẹ̀ sí agbègbè agbègbè nínú, apá kan kọjú síhìn-ín, apá kan kọjú sọ́hùn-ún, ààlà tó wà láàárín wọn ò sì le láti sún, òòfà míì kàn á ti ààlà yẹn díẹ̀díẹ̀ títí gbogbo hóró náà á fi yíjú padà. Èyí tó bá kéré tó ò ní ààlà kankan nínú, ojú kan ṣoṣo ló kọ sí, tó o bá fẹ́ yí i padà àfi kó o yí gbogbo ẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, ibẹ̀ ni agídí ti ń wá. Ṣùgbọ́n kí wọ́n má lọ̀ ọ́ lálọ̀jù o, torí ìlàlẹ̀ àwọn átọ́ọ̀mù inú ẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í bàjẹ́, agídí tí wọ́n ń wá á tún máa lọ sílẹ̀.

Lójú tèmi, ìtẹ̀ ni ibi tí owó wà. Hóró kọ̀ọ̀kan pẹlẹbẹ, ó ní igun mẹ́fà, ọ̀nà kan ṣoṣo ló sì wù ú kó kọjú sí, ìyẹn òkè àti ìsàlẹ̀ pẹlẹbẹ náà. Tí wọ́n bá kàn da páúdà sínú móòlù tí wọ́n tẹ̀ ẹ́, oníkálukú á kọjú síbi tó wù ú, agbára tó máa ṣẹ́kù ò ní ju nǹkan bíi 0.2 tesla lọ (tesla ni wọ́n fi ń wọn agbára òòfà). Tí wọ́n bá wá tan kọ́ìlì, ìyẹn wáyà tí wọ́n ká tó ń di òòfà tí iná mànàmáná bá gba inú ẹ̀, sára móòlù nígbà tí páúdà ṣì wà nínú omi, àwọn hóró á ráyè yí, gbogbo wọn á kọjú síbì kan náà, wọ́n á wá tẹ̀ ẹ́ kí omi jò jáde gba inú fíltà, agbára ẹ̀ á sì tó 0.4. Omi yẹn máa ń pẹ́ kó tó jò tán, pàápàá tí páúdà bá kúnná gan-an, ìdí nìyẹn tí iṣẹ́ yìí ò fi yá. Tí títò yìí bá ti wọ́ níbẹ̀, ìléru ò lè fi bẹ́ẹ̀ tún un ṣe mọ́.

Ìléru kejì ló kù, nǹkan bíi 1200 dígírì. Bí ìkòkò amọ̀ ló ṣe ń sunkì níbẹ̀, àmọ́ kì í sunkì dọ́gba, ó máa ń sunkì gan-an lápá ibi tí àwọn hóró kọjú sí ju ẹ̀gbẹ́ lọ, torí náà ẹni tó ṣe móòlù ti gbọ́dọ̀ ṣírò ẹ̀ sílẹ̀. Bí iná bá ṣe ń pọ̀ sí i ni ihò inú ẹ̀ ń dí, tó ń wúwo sún mọ́ gíráàmù 5 fún sẹ̀ǹtímítà oníhà mẹ́ta kan, agbára ń gòkè. Ṣùgbọ́n iná kan náà ló ń jẹ́ kí hóró máa gbé ara wọn mì tí wọ́n á fi di ńlá, gbogbo làálàá tí wọ́n ṣe nígbà tí wọ́n ń lọ̀ ọ́ á wá di òfo. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi máa ń bu silica àti calcium díẹ̀ sí i, ó máa ń lọ dúró sáàárín hóró kan sí ìkejì kí wọ́n má bàa dàpọ̀ jù.

Bó ṣe jáde nínú ìléru kò tíì jẹ́ òòfà tó ń fa nǹkan, torí gbogbo agbára òòfà ẹ̀ ló máa ń pòórá tí ooru bá ti kọjá nǹkan bíi 450 dígírì. Wọ́n á kọ́kọ́ fi dáyámọ́ǹdì ha á kó tó gún, ó le ṣùgbọ́n ó tètè ń fọ́, kí wọ́n tó wá fi kọ́ìlì alágbára sọ ọ́ di òòfà lẹ́ẹ̀kan náà.

Ohun tó yani lẹ́nu lára fẹ́ráìtì ni pé òtútù ló ń ba agídí ẹ̀ jẹ́, ooru ló ń gbé e sókè, bó tilẹ̀ jẹ́ pé agbára ẹ̀ ń dínkù nínú ooru. Torí náà èyí tó bá ń lọ sínú mọ́tò tó máa ṣiṣẹ́ níbi tí yìnyín wà, wọn kì í fi gbogbo iná sun ún, àbí kí wọ́n po lanthanum àti cobalt mọ́ ọn, tó máa ń gbé agídí sókè láìjẹ́ kí agbára lọ sílẹ̀, àmọ́ cobalt ò pọ́ọ̀kú rárá.