Bí A Ṣe Ń Kọ Òfin Sórí Káàdì Eré Kí Àríyànjiyàn Má Baà Ṣẹlẹ̀ Nídìí Tábìlì

Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ jù lọ láàárín àwọn tó ń ṣe káàdì eré tiwọn, ní ìlànà Magic: The Gathering tàbí Yu-Gi-Oh! (àwọn eré tí a ti ń kọ òfin káàdì kọ̀ọ̀kan sórí rẹ̀), ni èrò pé bí ọ̀rọ̀ orí káàdì bá ṣe gùn tó ni yóò ṣe yéni tó. Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Gbólóhùn kọ̀ọ̀kan tí a bá fi kún un jẹ́ ohun tuntun tí alátakò lè gbá mú láti fi jiyàn, nítorí ẹni tó kọ káàdì kò ní sí nídìí tábìlì láti sọ ohun tó ní lọ́kàn. Ohun tó ń mú kí òfin káàdì yéni ni pé kí ọ̀rọ̀ kan náà máa túmọ̀ sí ohun kan náà lórí gbogbo káàdì, kí ètò rẹ̀ má sì yí padà.

Nígbà tí Richard Garfield, ẹni tó ṣẹ̀dá Magic, ń dán an wò kí eré náà tó jáde ní 1993, ohun tí a kọ sórí káàdì kan ni “Opponent loses next turn”. Èrò rẹ̀ ni pé kí alátakò má ṣeré nígbà tó bá tún kàn án, ṣùgbọ́n ẹnì kan kà á sí pé alátakò yóò fìdí rẹmi nínú eré nígbà tó bá tún kàn án, nítorí “loses” lè túmọ̀ sí “pàdánù” tàbí “fìdí rẹmi”. Káàdì náà wá jáde pẹ̀lú orúkọ Time Walk, ó sì kàn sọ pé kí ẹni tó lò ó tún ṣeré lẹ́ẹ̀kan sí i lẹ́yìn èyí. Wọn kò fi àlàyé kankan kún un. Ọ̀rọ̀ tó jẹ mọ́ ìfìdírẹmi ni wọ́n yọ kúrò.

Ibi tí iṣẹ́ náà ti wúni lórí jù ni bí a ṣe ń ya ohun tí a san sọ́tọ̀ kúrò lára ohun tí a rí gbà. Lórí káàdì Magic, àmì kólọ́ọ̀nù (:) ni ààlà: ohun tí a ń san ló wà ṣáájú rẹ̀, ohun tí a ń rí gbà ló tẹ̀lé e. Bí a bá kọ ọ́ pé “Fi ẹ̀dá rẹ kan rúbọ: Mú káàdì kan” (ẹ̀dá ni káàdì tó ń jà fún ẹni tó ni ín), ẹni tí kò ní ẹ̀dá kankan kò lè lò ó rárá, ẹni tó sì ní in yóò ti fi í rúbọ kí alátakò tó rí àyè fèsì. Ẹ̀dá náà ti lọ, gẹ́gẹ́ bí káàdì ìpè tí a ti ha kò ṣe ṣeé dá padà fún ẹni tó tà á, ì báà jẹ́ pé nẹ́tíwọ́ọ̀kì kò lọ. Ṣùgbọ́n bí ọ̀rọ̀ méjèèjì bá wà lẹ́yìn àmì náà, tí a kọ pé “Fi ẹ̀dá rẹ kan rúbọ. Mú káàdì kan”, alátakò lè kọ́kọ́ pa ẹ̀dá náà, ẹni tó ń ṣeré yóò sì tún mú káàdì lọ́fẹ̀ẹ́, àyàfi tí a bá fi “bí o bá ṣe bẹ́ẹ̀” sáàárín wọn. Àmì kékeré kan ṣoṣo ló yí gbogbo rẹ̀ padà.

Yu-Gi-Oh! mú ọ̀nà yìí lọ jìnnà ju bẹ́ẹ̀ lọ ní 2011. Ohun tó wà ṣáájú kólọ́ọ̀nù ni ìgbà tí a lè lo káàdì náà. Ohun tó wà ṣáájú sẹmikólọ́ọ̀nù (;) ni ohun tí a ń san tàbí káàdì tí a ń dojú kọ. Ohun tó kù ni iṣẹ́ tí káàdì ń ṣe. Ọgbọ́n gidi ni, ṣùgbọ́n ó di ẹrù tó pọ̀ ju agbára àmì lọ lórí káàdì tí lẹ́tà rẹ̀ kéré, tí gbogbo rẹ̀ sì so pọ̀ láìsí ìlà tuntun. Ọ̀nà Magic, tó ń fún agbára kọ̀ọ̀kan, ìyẹn ohun kọ̀ọ̀kan tí káàdì lè ṣe, ní ìlà tirẹ̀, rọrùn fún ojú jù.

Àwọn tó ń kọ káàdì fún owó pàápàá ń kọ́ ẹ̀kọ́ lórí èyí. Oblivion Ring, káàdì Magic kan tó jáde ní 2007, ní agbára méjì: nígbà tó bá dé, ó ń lé ohun kan kúrò nínú eré, nígbà tó bá lọ, ó ń dá ohun náà padà. Nínú Magic, ohun tó dé kẹ́yìn ló ń kọ́kọ́ ṣẹ. Nítorí náà, bí ẹni tó ni ín bá yọ ọ́ kúrò kí agbára àkọ́kọ́ tó ṣẹ, agbára kejì yóò kọ́kọ́ wá, kò ní rí ohun tí yóò dá padà, lẹ́yìn náà ni a óò lé nǹkan náà lọ títí láé. Nígbà tí Banishing Light, káàdì Magic mìíràn tó ń ṣe irú iṣẹ́ kan náà, máa fi jáde ní 2014, gbólóhùn kan ṣoṣo ló ṣe iṣẹ́ náà: a lé e lọ títí káàdì yìí yóò fi kúrò lórí pápá.

Ẹni tó bá ń kọ káàdì ní èdè Yorùbá ní ìṣòro méjì tirẹ̀. Àkọ́kọ́ ni “bí…bá”, tí a fi ń sọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nígbàkigbà, tí a sì tún fi ń yẹ ipò kan wò. “Bí alátakò bá ní káàdì márùn-ún” àti “bí alátakò bá mú káàdì” jọra lójú, bẹ́ẹ̀ iṣẹ́ ọ̀tọ̀ ni wọ́n ń ṣe, nítorí náà ó dára kí “nígbàkigbà tí” jẹ́ ti ìṣẹ̀lẹ̀ nìkan, kí “bí…bá” sì jẹ́ ti àyẹ̀wò. Èkejì ni “ó” àti “rẹ̀”. “Bí ẹ̀dá yìí bá pa ẹ̀dá mìíràn, ó padà sọ́wọ́ ẹni tó ni ín” kò sọ ẹ̀dá tó ń padà. “Nígbàkigbà tí ẹ̀dá yìí bá pa ẹ̀dá mìíràn, dá ẹ̀dá yìí padà sọ́wọ́ ẹni tó ni ẹ̀dá yìí” kò dùn létí tó bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n òun ló yẹ kí a tẹ̀ sórí káàdì.