Ọmọ tí kì í ríran ní àṣálẹ́: bí àìtó fítámì A ṣe ń fara hàn

Àmì àkọ́kọ́ kì í hàn lára ojú. Ìṣe ọmọ ni a fi ń mọ̀ ọ́n. Ọmọ tó ń sáré kiri àgbàlá láti àárọ̀ á jókòó sójú kan bí wọ́n bá ti pe ìrun mọ́gàríbì. Bó bá dìde, á máa fọwọ́ wá ògiri, á kọsẹ̀ lára àpótí, á máa táràrà wá abọ́ tó wà níwájú rẹ̀. Ọmọ ọdún 2 kò lè sọ pé òun ò ríran. Ẹ fi wé àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ nínú ìmọ́lẹ̀ kan náà.

Fítámì A ni ojú fi ń ṣe èròjà tó ń gba ìwọ̀nba ìmọ́lẹ̀ tó bá kù. Inú ẹ̀dọ̀ ni ara ń tọ́jú rẹ̀ sí fún oṣù mélòó kan, nítorí náà kí àmì tó yọ, èyí tó wà nípamọ́ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán. Éèyi àti ìgbẹ́ gbuuru máa ń tètè jẹ ẹ́ run.

Bó bá pẹ́, ẹyinjú á gbẹ, kò ní dán mọ́. Ẹ wo funfun ojú níhà etí: ohun kan bí ìfófò ọṣẹ lè lẹ̀ mọ́ ọn níbẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn ni dúdú ojú á ṣú, tí á dá egbò. Èyí kò gbọ́dọ̀ sùn mọ́jú nílé o! Ojú lè fọ́ pátápátá láàárín ọjọ́ díẹ̀. Ẹ má ṣe kán oje ewé tàbí omi ọmú sí i.

Kápúsù fítámì A ni ilé ìwòsàn ń lò: 100,000 yúníìtì fún ọmọ oṣù 6 sí 11, 200,000 fún ẹni tó ti pé ọdún kan, lẹ́ẹ̀kan lóṣù 6 títí di ọdún 5. Ọmọ tí ojú ti ń yọ lẹ́nu á gbà á lọ́jọ́ kìíní, lọ́jọ́ kejì, àti lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ 2. Ẹ mú káàdì àjẹsára dání kí wọ́n lè rí ìgbà tó gbà á kẹ́yìn, torí àpọ̀jù fítámì náà léwu. Aláboyún kò gbọ́dọ̀ dá a lò.

Ní ti oúnjẹ, kúkúǹdùkú funfun tó wọ́pọ̀ lọ́jà Ọ̀fà kò ní fítámì A tó nǹkan, bẹ́ẹ̀ náà ni ògì àgbàdo funfun. Kúkúǹdùkú tí inú rẹ̀ pọ́n bíi kárọ́ọ̀tì ló ní in. Epo pupa ní in gan-an, àmọ́ bí wọ́n bá dáná sí i títí tí àwọ̀ rẹ̀ fi ṣí, ó ti bàjẹ́ mọ́ ọn nínú. Tẹ̀tẹ̀ àti gbúre náà dára, ṣùgbọ́n kí epo wà nínú ọbẹ̀, torí ara kì í rí i gbà dáadáa láìsí ọ̀rá. Ẹyin ní in pẹ̀lú, ẹ̀dọ̀ màlúù sì ju gbogbo wọn lọ: ègé kékeré kan lọ́sẹ̀ ti tó ọmọ.