Ta ló ń béèrè owó lọ́wọ́ òwò tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ forúkọ rẹ̀ sílẹ̀?

Ìbéèrè: Àdìrẹ ni mò ń tà ní Òkè-Fíà, nílùú Òṣogbo. Kò pẹ́ tí satífíkéètì mi jáde láti ọ̀dọ̀ CAC, ilé iṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ tó ń forúkọ òwò sílẹ̀, ni àtẹ̀jíṣẹ́ kan wọlé. Orúkọ òwò mi àti nọ́ńbà ìforúkọsílẹ̀ rẹ̀ pé síbẹ̀. Wọ́n ní kí n san owó ọdọọdún láàárín wákàtí 48, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ wọ́n á pa orúkọ náà rẹ́. Tí kì í bá ṣe CAC, báwo ni wọ́n ṣe mọ nọ́ńbà mi?

Ìdáhùn: Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má san án. Nọ́ńbà yẹn kì í ṣe àṣírí. Ẹnikẹ́ni lè lọ sórí ìkànnì CAC, kó tẹ orúkọ òwò yín, kí nọ́ńbà rẹ̀ àti ọjọ́ tí ẹ forúkọ sílẹ̀ yọ sí i. Ó yẹ kó rí bẹ́ẹ̀, kí oníbàárà lè mọ̀ bóyá òwò kan wà lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ibẹ̀ náà ni àwọn gbájúẹ̀ ń wò. Nítorí náà, pé ẹnì kan mọ nọ́ńbà yín kò fi hàn pé ìjọba ló rán an. Ibi tó ní kẹ́ ẹ san owó sí ni kẹ́ ẹ wò.

Ìbéèrè: Ṣé irọ́ ni owó ọdọọdún náà ni?

Ìdáhùn: Rárá o, ó wà. Òfin CAMA ti ọdún 2020, èyí tó de ilé iṣẹ́ àti òwò, ní kí ẹni tó forúkọ òwò sílẹ̀ máa fi ìjábọ̀ ránṣẹ́ sí CAC lọ́dọọdún, ó pẹ́ tán ní 30 oṣù Kẹfà. Òun ni gbogbo èèyàn ń pè ní annual returns, òun náà sì ni wọ́n ń san owó ọdọọdún fún. Àmọ́ òfin yìí kan náà yọ ọdún tí ẹ forúkọ sílẹ̀ kúrò. Ẹni tí satífíkéètì rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde kò tíì jẹ gbèsè kankan níbẹ̀. Ohun tó ń bí mi nínú nìyẹn: ẹni tó fẹ́ pa òfin mọ́ gan-an ni wọ́n ń fi òfin dẹ́rù bà.

Ìbéèrè: Níbo wá ni owó CAC gidi ń gbà?

Ìdáhùn: Orí ìkànnì CAC fúnra rẹ̀, àpò ìjọba àpapọ̀ ló sì ń lọ. Bí wọ́n bá ti fún yín ní nọ́ńbà àkántì tó ń jẹ́ orúkọ èèyàn, ọ̀rọ̀ parí, gbájúẹ̀ ni. Ẹ tún wo àdírẹ́ẹ̀sì ìkànnì náà dáadáa, ìparí rẹ̀ ni kẹ́ ẹ tẹjú mọ́. Ti CAC parí sí cac.gov.ng. Bí wọ́n bá fi dáṣì so cac mọ́ gov, tí com wá tẹ̀ lé e, kì í ṣe ti ìjọba. Ẹ má tẹ líǹkì inú àtẹ̀jíṣẹ́. Ẹ fọwọ́ ara yín tẹ àdírẹ́ẹ̀sì náà.

Ìbéèrè: Wọ́n tún ní kí n sanwó TIN, ìyẹn nọ́ńbà owó orí, àti ti SCUML, ìyẹn ìforúkọsílẹ̀ lọ́dọ̀ ẹ̀ka tó ń dènà fífi òwò bo owó ìwà ọ̀daràn mọ́lẹ̀.

Ìdáhùn: Ọ̀fẹ́ ni méjèèjì. Abẹ́ EFCC ni SCUML wà, kì í sì í ṣe gbogbo òwò ló nílò rẹ̀. Aṣojú tí ẹ fúnra yín bẹ̀ níṣẹ́ lè gba owó iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀, ṣùgbọ́n kó pè é bẹ́ẹ̀, kó má pè é ní owó ìjọba.

Ìbéèrè: Tó bá jẹ́ pé èèyàn ló mú ìwé wá sí ṣọ́ọ̀bù ńkọ́?

Ìdáhùn: Ìpínlẹ̀ àti ìjọba ìbílẹ̀ ní owó tiwọn tó bófin mu, nítorí náà ẹ má lé e. Ẹ gba ìwé náà, ẹ má fún un lówó lọ́wọ́, kẹ́ ẹ gbé e lọ sí ọ́fíìsì tó wà lórí rẹ̀. Ìjọba ìbílẹ̀ Òṣogbo àti Ọlọ́rundá ló pín ìlú yìí, ẹ sì gbọ́dọ̀ mọ èyí tí ṣọ́ọ̀bù yín wà. Ẹni tó bá mú ìwé Ọlọ́rundá wá sí ṣọ́ọ̀bù tó wà lábẹ́ Òṣogbo ní àlàyé láti ṣe.

Ìbéèrè: Mo ti san án ńkọ́?

Ìdáhùn: Ẹ pe báńkì yín báyìí báyìí, kí wọ́n lè gbìyànjú láti dá owó náà dúró kó tó kúrò nínú àkántì tó wọ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ lọ sí àgọ́ ọlọ́pàá. Ẹ mú risíìtì dání, ẹ má sì pa àtẹ̀jíṣẹ́ náà rẹ́ lórí fóònù yín.