Ṣé Àkókò Tó Gba Íntánẹ́ẹ̀tì Wá Ti Pẹ́ Jù Kó Tó Dé?

Ọ̀gá mi kan tí wọ́n ní ṣọ́ọ̀bù ìtẹ̀wé ní Ṣómólú kì í jẹ́ kí kọ̀ǹpútà wọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin gba àkókò láti orí íntánẹ́ẹ̀tì. Láràárọ̀ Mọ́ńdè, wọ́n á yọ fóònù, wọ́n á fọwọ́ tún aago wọn ṣe lọ́kọ̀ọ̀kan. “Àbúrò, àkókò tó ń bọ̀ láti òkè òkun, pẹ̀lú nẹ́tíwọ́ọ̀kì tiwa yìí, kó tó dé ṣé kò ti di ti àná?” Ẹnu wọn nìkan kọ́ ni mo ti gbọ́ ọ. (Orí nẹ́tíwọ́ọ̀kì ni fóònù tí wọ́n ń wò náà ti gba tirẹ̀, ṣùgbọ́n mi ò sọ.)

Ọ̀nà jìn lóòótọ́, àmọ́ kọ̀ǹpútà máa ń ṣírò ọ̀nà mọ́ ọn. Ká ní ẹ rán ọmọ lọ wo aago ní Ìdúmọ̀tà. Aago tiyín lu 10:00 nígbà tó jáde. Ó débẹ̀, tibẹ̀ sọ pé 10:40. Ó mumi, ó kúrò ní 10:45 tibẹ̀, ó wọlé ní 11:15 tiyín. Ìṣẹ́jú 75 ni gbogbo rẹ̀. Ẹ yọ 5 tó fi mumi, ó ku 70 lójú ọ̀nà. Ìdajì rẹ̀ jẹ́ 35. Ó yẹ kí tiyín jẹ́ 10:35 nígbà tó débẹ̀, tibẹ̀ sì jẹ́ 10:40: tiyín fi ìṣẹ́jú 5 rẹ̀yìn nìyẹn. Ọmọ náà pẹ́ o, ṣùgbọ́n ẹ ti yọ pípẹ́ rẹ̀ kúrò.

Bí NTP ṣe ń ṣe é nìyẹn, ètò tí kọ̀ǹpútà fi ń gba àkókò lórí íntánẹ́ẹ̀tì, tí David Mills ará Amẹ́ríkà tẹ ìlànà rẹ̀ jáde ní 1985. Ibi tí wọ́n ti lè mú un ni bí àlọ àti àbọ̀ ò bá dọ́gba. Ẹni tó ń gba Third Mainland láàárọ̀ mọ̀ ọ́n: ọ̀nà Erékùṣù á dí pa, ti àbọ̀ á ṣófo. Bí àlọ bá fi ogún ìṣẹ́jú ju àbọ̀ lọ, ìṣirò á fi mẹ́wàá ṣìnà. Ìdí nìyẹn tí NTP fi ń bi ọ̀pọ̀ aago, léraléra, tó sì ń gba ti èyí tó tètè dé gbọ́ jù.

Aago inú kọ̀ǹpútà ńkọ́? Òkúta kékeré tó ń gbọ̀n nígbà 32,768 ní ìṣẹ́jú àáyá kan ni. Ooru ń yí i padà. Bó bá fi ogún nínú mílíọ̀nù kan ṣìnà, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìṣẹ́jú àáyá méjì lójúmọ́, ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan sì ń lọ síbi tó wù ú.

Lọ́sẹ̀ kan, wọ́n tún káàdì ìgbéyàwó kan ṣe lórí ẹ̀rọ kejì. Aago rẹ̀ kọ 9:12. Ti àtijọ́ láti ẹ̀rọ kìíní kọ 9:13. Ọmọṣẹ́ mú èyí tó wà lókè, tí aago ní òun ló tuntun jù, ó tẹ igba ẹ̀dà, pẹ̀lú orúkọ bàbá ìyàwó tí wọ́n ṣì kọ.