Ìdánwò oògùn Trovan ní Kano

Ìdánwò oògùn Trovan ni ìwádìí ìṣègùn tí ilé-iṣẹ́ apoògùn Pfizer ti Amẹ́ríkà ṣe lára ọmọdé 200 ní ìlú Kano, lápá àríwá Nàìjíríà, lọ́dún 1996. Bí ọ̀rọ̀ bá kan ẹ̀tọ́ ẹni tí wọ́n ń dán oògùn wò lára rẹ̀, òun ni àwọn oníṣègùn Nàìjíríà sábà máa ń tọ́ka sí.

Lọ́dún náà, àrùn yírùnyírùn, tí àwọn dókítà ń pè ní mẹnínjáítìsì, ń jà ràn-ìn ní àríwá. Ó lé ní 100,000 ènìyàn tó kó o, ó sì pa ẹgbẹẹgbẹ̀rún. Onígbáméjì àti èèyi tún ń jà ní Kano lásìkò kan náà. Àwọn dókítà Médecins Sans Frontières, àjọ oníṣègùn aláàánú kan, ti wà nílé ìwòsàn àrùn àkóràn ìlú náà, wọ́n ń fún aláìsàn ní oògùn chloramphenicol lọ́fẹ̀ẹ́. Inú ọgbà yìí kan náà ni ikọ̀ Pfizer wá. Wọ́n fún ìdajì àwọn ọmọ náà ní Trovan, tí ìjọba Amẹ́ríkà kò tíì fọwọ́ sí nígbà náà. Ìdajì yòókù gba ceftriaxone, oògùn tí wọ́n ti ń lò fún àrùn náà tẹ́lẹ̀. Ọmọ 11 kú: 5 lára àwọn tó gba Trovan, 6 lára àwọn tó gba ceftriaxone. Òmíràn dití, òmíràn yarọ.

Pfizer ní àrùn ló fa gbogbo rẹ̀, kì í ṣe oògùn. Àwọn tó pe Pfizer lẹ́jọ́ ní wọ́n dín ìwọ̀n ceftriaxone kù kí Trovan lè gbayì; ilé-iṣẹ́ náà ní ìwọ̀n náà tó. Ká sòótọ́, iye òkú kò lè parí ìjà yìí. Ìyọ̀ǹda ni gbòǹgbò rẹ̀. Òfin Nuremberg ti ọdún 1947, tí wọ́n gbé kalẹ̀ lẹ́yìn ìgbẹ́jọ́ àwọn dókítà Násì ní Jámánì, fi ìyọ̀ǹda àtọkànwá ṣáájú ohun gbogbo. Pfizer ní àwọn nọ́ọ̀sì fi Haúsá ṣàlàyé fáwọn òbí, wọ́n sì fẹnu gbà. Àwọn òbí ní kò sẹ́ni tó sọ fáwọn pé ìdánwò ni, pé ìtọ́jú làwọn rò pé ọmọ àwọn ń gbà.

Ìwé ìròyìn The Washington Post ló tú àṣírí ọ̀rọ̀ náà lọ́dún 2000. Ó sọ ti ọmọbìnrin ọmọ ọdún 10 kan tí kò wọ̀n ju nǹkan bíi kílò 19, tí ìwé ìwádìí fi nọ́ńbà pè dípò orúkọ. Trovan ni wọ́n ń fún un. Ara rẹ̀ ń burú sí i, wọn ò pààrọ̀ oògùn náà, ó sì kú lọ́jọ́ kẹta. Lẹ́tà ìfọwọ́sí kan tún jáde, tí wọ́n ní ó ti ọ̀dọ̀ ìgbìmọ̀ ìlànà ìwádìí ilé ìwòsàn kan wá. Ilé ìwòsàn náà kò tíì ní irú ìgbìmọ̀ bẹ́ẹ̀ lọ́jọ́ tó wà lórí lẹ́tà yẹn.

Nígbà tí Kano dá abẹ́rẹ́ àjẹsára rọpárọsẹ̀ dúró lọ́dún 2003 (ẹnu la máa ń tọ́ ọ sí, orúkọ ló kàn jẹ́ abẹ́rẹ́), Trovan wà lára ohun tí àwọn èèyàn ń rántí. Lọ́dún 2007, Nàìjíríà gbé ìlànà orílẹ̀-èdè fún ìwádìí ìlera jáde. Clement Adebamowo, ọ̀jọ̀gbọ́n iṣẹ́ abẹ ní Yunifásítì Ìbàdàn nígbà náà, wà lára àwọn tó ti ṣe alága ìgbìmọ̀ tó ń mójú tó o. Òfin Ìlera ti ọdún 2014 wá fi ẹsẹ̀ ìgbìmọ̀ náà múlẹ̀.

Lọ́dún 2009, Pfizer àti ìjọba Kano yanjú ẹjọ́ tí ìjọba náà pe ilé-iṣẹ́ ọ̀hún níta kóòtù pẹ̀lú mílíọ̀nù 75 dọ́là, Pfizer kò sì gbà pé òun jẹ̀bi. Mílíọ̀nù 35 nínú rẹ̀ jẹ́ ti àwọn tí ọ̀rọ̀ kàn. Lọ́dún 2011, ìdílé mẹ́rin àkọ́kọ́ gba 175,000 dọ́là ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ṣùgbọ́n kí ẹnikẹ́ni tó rí owó gbà, ó gbọ́dọ̀ jẹ́ kí wọ́n yẹ DNA rẹ̀ wò, kí wọ́n lè mọ̀ pé ọmọ rẹ̀ wà nínú ìdánwò náà lóòótọ́. Àwọn òbí kan kọ̀ jálẹ̀ nígbà tí wọ́n kọ́kọ́ gbọ́ ọ.