Bí Wáyà Nẹ́tíwọ́ọ̀kì Ṣe Wọ Inú Ògiri Ilé

Tẹlifóònù ló gbé wáyà nẹ́tíwọ́ọ̀kì, èyí tó ń so kọ̀ǹpútà pọ̀, wọlé, kì í ṣe kọ̀ǹpútà. Ẹni tó bá fẹ́ mọ bó ṣe di àṣà pé kí àwọn oníná fa wáyà yìí sínú ilé tí wọn kò tíì rẹ́, kó kọ́kọ́ béèrè ta ló ni wáyà tẹlifóònù inú ilé nígbà kan. Orí ọ̀rọ̀ yẹn ni gbogbo rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀, ní Amẹ́ríkà.

Ní ọdún 1881, Alexander Graham Bell gba ìwé àṣẹ ìjọba lórí wáyà méjì tí a lọ́ mọ́ ara wọn. Ariwo ló ń bá jà. Bí wáyà tẹlifóònù bá bá wáyà tẹ́lígíráàfù rìn pọ̀ lójú ọ̀nà, ẹni tó gbé tẹlifóònù sétí á máa gbọ́ ariwo tẹ́lígíráàfù mọ́ ọ̀rọ̀ ẹni tó ń bá sọ̀rọ̀. Ṣùgbọ́n bí a bá lọ́ wáyà méjì pọ̀, ariwo tó bá kan ọ̀kan á kan èkejì ní ìwọ̀n kan náà. Ìyàtọ̀ tó wà láàárín àwọn méjèèjì nìkan ni ẹ̀rọ tó wà lópin wáyà ń gbà, nítorí náà ariwo á pa ara rẹ̀ rẹ́. Ọgbọ́n yìí kan náà ló ń gbé Cat 6, irú wáyà nẹ́tíwọ́ọ̀kì tí à ń fà lónìí, ró. Ẹ bó èèpo rẹ̀ wò, ẹ ó rí wáyà mẹ́jọ tí wọ́n lọ́ ní méjì méjì.

Fún ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn Bell, ilé-iṣẹ́ tẹlifóònù AT&T ló ni tẹlifóònù nínú èyí tó pọ̀ jù lọ nínú ilé Amẹ́ríkà. Òun ló ni wáyà tó ń bọ̀ láti títì, òun ló ni èyí tó wà nínú ògiri, òun náà ló tún ni ẹ̀rọ tó wà lórí tábìlì, tí onílé ń sanwó oṣù lé lórí. Onílé kò gbọdọ̀ so ohunkóhun tí kì í ṣe tiwọn mọ́ ọn. Thomas Carter, oníṣòwò kan ní Texas, ṣe ẹ̀rọ tó ń jẹ́ kí ẹni tó wà lórí rédíò lè bá ẹni tó wà lórí tẹlifóònù sọ̀rọ̀, AT&T sì ta kò ó. Ní 1968, FCC, àjọ ìjọba tó ń mójú tó ìbánisọ̀rọ̀, dá Carter láre. Lẹ́yìn ìyẹn ni àjọ náà gbé ìlànà kalẹ̀ lórí irú ihò ara ògiri tí ẹnikẹ́ni lè ki tẹlifóònù tirẹ̀ bọ̀. Ní ọjọ́ kìíní oṣù kìíní 1984, wọ́n pín AT&T sí wẹ́wẹ́. Nígbà tó fi di 1987, fífa wáyà inú ilé àti títún un ṣe ti kúrò nínú ohun tí ìjọba ń bá ilé-iṣẹ́ tẹlifóònù dá iye lé.

Lójú tèmi, ọ̀rọ̀ òfin yìí ṣe pàtàkì ju ẹ̀rọ kẹ́ẹ̀rọ tó wà nínú ìtàn yìí lọ. Ṣáájú rẹ̀, kò sí oníná tó lè jókòó ti onílé, kí wọ́n jọ pinnu ibi tí wáyà tẹlifóònù máa gbà nínú ilé tí wọ́n ń kọ́.

Àwọn oníkọ̀ǹpútà, ní tiwọn, ń bá wáyà mìíràn jìjàkadì. Ní 1973, Robert Metcalfe bẹ̀rẹ̀ Ethernet, ọ̀nà tí kọ̀ǹpútà fi ń bá ara wọn sọ̀rọ̀ lórí wáyà, ní ibùdó ìwádìí Xerox ní Palo Alto, ní California, òun àti David Boggs ni wọ́n sì jọ ṣe é jáde. Nígbà tí wọ́n sọ ọ́ di ìlànà fún gbogbo ayé ní 1983, wáyà kan ṣoṣo tó nípọn bí ìka ọwọ́, tó lè gùn tó mítà 500, ni gbogbo kọ̀ǹpútà jọ ń lò. Ẹni tó bá fẹ́ so kọ̀ǹpútà tirẹ̀ mọ́ ọn ní láti lu ihò sí i lára. Bó bá bàjẹ́ níbì kan, gbogbo ọ́fíìsì dúró nìyẹn. Ta ló máa sin irú wáyà bẹ́ẹ̀ sínú ògiri yàrá ọmọ rẹ̀?

Àwọn tó mú ọ̀nà àbáyọ wá gbójú sókè ni, wọ́n rí i pé wáyà tẹlifóònù ti wà nínú ògiri ọ́fíìsì gbogbo, ọ̀pọ̀ rẹ̀ ni ẹnikẹ́ni kò sì lò. AT&T fi í gbé mẹ́gábíìtì kan (ìwọ̀n ọ̀rọ̀ kọ̀ǹpútà) láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Ilé-iṣẹ́ SynOptics, tí àwọn tó ti Xerox jáde dá sílẹ̀, fi í gbé mẹ́gábíìtì 10 ní 1987. Ní 1990, 10BASE-T, irú Ethernet tó ń gba wáyà lílọ́ yìí, di ìlànà: kọ̀ǹpútà kọ̀ọ̀kan ní wáyà tirẹ̀, tó lè gùn tó mítà 100, gbogbo wọn sì ń pàdé ní ojú kan. Bí ọ̀kan bá já, ìyókù ń ṣiṣẹ́ lọ.

Àmì tẹlifóònù kò tíì kúrò lára rẹ̀. Àwọ̀ búlúù, àwọ̀ ọsàn, àwọ̀ ewé àti bíráùn tí àwọn ọ̀dọ́ ń há sórí kí wọ́n tó lè gbá RJ45, ẹnu oníke tí à ń kì bọ ihò ara ògiri, sẹ́nu wáyà, àwọ̀ tí àwọn òṣìṣẹ́ tẹlifóònù ti ń lò tipẹ́ ni. Àwọn tó ń kọ́ṣẹ́ sábà máa ń béèrè ìdí tí àwọn méjì aláwọ̀ búlúù fi jókòó sí ojú kẹrin àti ìkarùn-ún, tí wọ́n sì pín àwọn méjì mìíràn sí ojú kẹta àti ìkẹfà. Tẹlifóònù ni wọ́n fi àárín sílẹ̀ fún. Ẹnu rẹ̀ kéré sí RJ45, síbẹ̀ bí ẹ bá kì í bọ inú ihò yẹn, irin rẹ̀ tó wà láàárín á bọ́ sórí ìkẹrin àti ìkarùn-ún gẹ́lẹ́. 10BASE-T kò fọwọ́ kan ibẹ̀, ojú 1, 2, 3 àti 6 ló ń lò. Ìgbà tí Ethernet onígígábíìtì dé sórí wáyà yìí ní 1999 ló wá di àṣà pé kí gbogbo wáyà mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ máa ṣiṣẹ́.

Ní 1991, ìwé ìlànà méjì jáde ní Amẹ́ríkà: 568 fún ilé-iṣẹ́, 570 fún ilé gbígbé. Wáyà tẹlifóònù ilé gbígbé máa ń ti yàrá kan bọ́ sí èkejì bí okùn ìlẹ̀kẹ̀. Èyí tí àwọn onílànà wá ń fẹ́ ni kí wáyà yàrá kọ̀ọ̀kan lọ tààrà sí ibì kan ṣoṣo nínú ilé. Nígbà tí wọ́n tún 570 ṣe ní 1999, ó kéré tán, ibi tí wọ́n bá ti fi ihò sí gbọ́dọ̀ ní wáyà oníwáyà-mẹ́jọ kan àti wáyà tẹlifíṣọ̀n kan. Ilé tó bá fẹ́ ju bẹ́ẹ̀ lọ á fa méjì méjì. Láti 2000, FCC kò gba wáyà tẹlifóònù tuntun tó rẹlẹ̀ sí Cat 3, ẹ̀gbọ́n Cat 6 tí kò yára tó o, sínú ilé mọ́. Igi ni wọ́n fi ń kọ́ púpọ̀ nínú ilé wọn, nítorí náà ìgbà tí òpó igi ti dúró, tí wọn kò tíì bò ó, ni oníná máa ń fa gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà.

Wi-Fi dé lọ́dún 1999 yẹn kan náà, àwọn èèyàn rò pé wáyà ti parí iṣẹ́. Ṣùgbọ́n ẹ̀rọ tó ń tan Wi-Fi ká ilé fúnra rẹ̀ nílò wáyà, àti pé láti 2003 ni ìlànà ti wà tó ń jẹ́ kí wáyà yìí gbé iná fún kámẹ́rà pẹ̀lú ọ̀rọ̀ tó ń gbé.

Ní Nàìjíríà, ìpìlẹ̀ tẹlifóònù inú ògiri yìí ni a kò ní. Wọ́n dá NITEL, ilé-iṣẹ́ tẹlifóònù ìjọba, sílẹ̀ ní 1985, ṣùgbọ́n nígbà tí GSM dé ní oṣù kẹjọ 2001, ìlà tẹlifóònù tó ń ṣiṣẹ́ ní gbogbo orílẹ̀-èdè kò tó 500,000. Ọ̀pọ̀ ilé kò ní tẹlifóònù ara ògiri rí, nítorí náà àwọn bírikìlà àti oníná wa kò jogún àṣà fífi páìpù sílẹ̀ fún un. Nígbà tí fáíbà, wáyà tó ń gbé íńtánẹ́ẹ̀tì, wá ń wọ àdúgbò, ojú fèrèsé ni wáyà ń gbà, tàbí kí wọ́n kàn án mọ́ ara ògiri tí onílé ṣẹ̀ṣẹ̀ kùn. Ó máa ń dùn mí tí mo bá rí i.

Ilé tiwa kò gba àtúnṣe lẹ́yìn bíi ti onígi. Tí wọ́n bá ti da kọnkéré sórí dẹ́kìn, ó tán, lílù ló kù. Orí irin ni páìpù ti gbọ́dọ̀ jókòó kí wọ́n tó dà á, èyí tó sì máa gba inú búlọ́ọ̀kù gbọ́dọ̀ wọlé kí wọ́n tó rẹ́. Kí ó má bá wáyà iná wọ páìpù kan náà, kí igun rẹ̀ má ṣe mú, kí gbogbo rẹ̀ pàdé níbi tí fáíbà máa gbà wọlé, kí ẹ sì fi okùn tí wọ́n máa fi fa wáyà sínú ọ̀kọ̀ọ̀kan. Bí owó Cat 6 kò bá tíì sí, ẹ dí ẹnu páìpù kí simẹ́ńtì má baà wọ̀ ọ́, kí wọ́n máa da dẹ́kìn lọ.