Àmì tuntun lójú ọ̀run: bí tẹlẹsíkóòpù rédíò ṣe ń ya òótọ́ sọ́tọ̀

Ká sọ pé ẹnì kan ya fọ́tò ọjà Akẹ̀sán ní Ọ̀yọ́ lálẹ́ láti ibi gíga, ó dúró díẹ̀, ó tún ya òmíràn. Tó bá yọ ọ̀kan kúrò lára èkejì, gbogbo àtùpà tó wà lójú kan á pa ara wọn rẹ́. Èyí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ tàn tàbí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kú nìkan ló máa kù. Bẹ́ẹ̀ ni tẹlẹsíkóòpù rédíò méjì, LOFAR ní Netherlands àti MWA ní ìwọ̀-oòrùn Ọsirélíà, ṣe ń ṣọ́ ojú ọ̀run. Wọn ò ní àwo ńlá tó ń yí kiri. Éríà (ohun tó ń gba ìgbì rédíò) kéékèèké ẹgbẹẹgbẹ̀rún ni, kọ̀ǹpútà ló ń pa ohun tí wọ́n gbà pọ̀ di àwòrán.

Ọ̀pọ̀ èèyàn rò pé àmì tó bá ti ṣẹ́kù, àwárí ni. Rárá o. Bí a bá ní ohun tó fi ìlọ́po 5 ju ariwo ẹ̀rọ lọ nìkan la máa kà sí àmì, ariwo lásán ṣì ń fò dé ibẹ̀ lẹ́ẹ̀kan nínú nǹkan bí ojúkò (ibi kéékèèké nínú àwòrán) mílíọ̀nù 3.5. Ẹni tó ya àwòrán 1,000, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ní ojúkò mílíọ̀nù 1, á rí àmì èké tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 290.

Èyí tó le jù ni ohun kan tó dà bí afẹ́fẹ́ tó ń bá àtùpà jà. Láti nǹkan bí 80 kìlómítà sókè, oòrùn ti já ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù kúrò lára átọ̀mù. Ibẹ̀ là ń pè ní ionosphere. Ìgbì tó bá gba ibẹ̀ kọjá máa ń tẹ̀, bí MHz rẹ̀ (bó ṣe ń yára gbọ̀n tó) bá sì dín sí ìdajì, ìtẹ̀ náà á di ìlọ́po mẹ́rin. Ìràwọ̀ ò kúrò níbi tó wà, àmọ́ nínú àwòrán kejì á ti sún díẹ̀. Lẹ́yìn ìyọkúrò, ojú funfun kan àti ojú dúdú kan á fẹ̀gbẹ́ kan ara wọn. Ẹni tó mọṣẹ́ ò ní sáré kéde. Àwọn aládùúgbò àmì náà ló máa kọ́kọ́ wò. Bí gbogbo wọn bá jọ sún síhà kan náà, ionosphere ló ṣe é. Bí gbogbo wọn bá jọ ràn sí i, ìwọ̀n ẹ̀rọ ló yẹ̀.

Ká ní Ògbómọ̀ṣọ́ la gbé irú éríà bẹ́ẹ̀ sí, wàhálà á pọ̀ sí i, torí ìlà agbedeméjì òòfà ayé gba àríwá Nàìjíríà kọjá, kò jìnnà sí wa. Tí oòrùn bá ti wọ̀, pàápàá ní nǹkan bí oṣù Kẹta àti oṣù Kẹsàn-án, ionosphere ìhà ibí máa ń hó bí ọṣẹ. GPS pàápàá ń ṣe ségesège nígbà náà. Ìdájí ló sàn jù.

Ẹ̀rí tó dùn jù ni ti ìgbì tó ń pẹ́ dé. Ìgbì rédíò tó bú jáde lójijì láti ọ̀nà jíjìn lójú ọ̀run kì í dé lẹ́ẹ̀kan náà: ìgbì tí MHz rẹ̀ ga ń ṣíwájú, èyí tí MHz rẹ̀ kéré ń wọ́ tẹ̀lé e, bí ìgbà tí onígángan ń tú ọwọ́ kúrò lára ọṣán, tí ohùn ń rọ̀ wálẹ̀. Plọ́ọ̀gì alùpùpù kì í ṣe bẹ́ẹ̀; gbogbo ìgbì rẹ̀ ló ń dé pọ̀.

Àléébù kan wà nínú ètò yìí o. Wọ́n máa ń po wákàtí púpọ̀ pọ̀ di àwòrán kan ṣoṣo kó lè mọ́, ohun tó bá tàn fún ìṣẹ́jú kan péré á sì rì sínú rẹ̀. Ní 2022 ni wọ́n kéde ohun kan tó ń tàn ní nǹkan bí ìṣẹ́jú 18 síra, tí títàn rẹ̀ ò ju ìṣẹ́jú àáyá 30 sí 60 lọ. Inú dátà MWA ti 2018 ló ti wà láti ìgbà náà. Ẹni tó máa tú u wò ní wẹ́wẹ́ ni kò tíì dé.